Kọ̀ǹpútà Tó Fúyẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá

Inú báàfù ni Rachidatou gbé kọ̀ǹpútà sí, tó sì rù ú wọ ṣọ́ọ̀bù Gafarou tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Bassila. Rachidatou ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ní Manigri, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà sì ti kú.

Gafarou bá a sọ̀ ọ́, ó mí kanlẹ̀. "Arábìnrin, ṣé kì í ṣe iṣu lẹ gbé wá báyìí?"

"Ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ yé fi mí ṣẹ̀sín." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu òun náà. Ká má purọ́, ọkùnrin náà wù ú lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, Gafarou fún un ní kọ̀ǹpútà tuntun. Ó pẹlẹbẹ, kì í pariwo, iná rẹ̀ sì ń gbé e láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. "Olólùfẹ́ mi, kí ọrùn rẹ lè sinmi."

Bàbá Rachidatou, Lassissi, gbé e lọ́wọ́ wò. Àgbẹ̀ oníṣu ni, bó ṣe ń mọ iṣu tó dáa nìyẹn. Ojú rẹ̀ le.

"Ó fúyẹ́ jù. Èyí ṣófo. Ẹni tó fún ọmọ mi ní ohun tó ṣófo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà á ṣófo. Mi ò ní í fi ọmọ fún un."

Rachidatou sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá ò yí ohùn padà.

Àṣé Gafarou náà lágídí. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ márùn-ún dé oko Bàbá láti ṣe ọ̀wẹ̀ àna, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tí ì pè é ní àna. Ebè tó kọ wọ́ bí ìrù ajá. Bàbá ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú, Gafarou kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi irin kékeré kan tú ìdí wọn.

"Bàbá, ẹ wo ti àtijọ́ yìí. Fáànù ń yí, dísìkì ń yí, àyè tún wà tí àwo sídì ń wọ̀. Nínú èkejì, wọ́n ti yọ àyè àwo kúrò. Ẹ wá wo ti Rachidatou: kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó ń kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ pamọ́ sí kò ju ìka mi lọ. Bátìrì ló gba ìyókù."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Kò ṣófo?"

"Hóró ìrẹsì kan ò lè ráyè níbẹ̀, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀."

"Àwọn tó ṣe èyí mọṣẹ́," ni Bàbá wí. Ìyanu hàn lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló tàn mí jẹ."

Rachidatou, tó ń gbé omi bọ̀, dúró sójú kan.

Bàbá nawọ́ sí oko. "Ebè rẹ wọ́."

"Màá wá tún un kọ lọ́la, Bàbá."

"Lọ́la kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kó o wá, kí àwọn bàbá rẹ sì tẹ̀lé ọ wá tọrọ ọmọ mi."

Rachidatou yára gbé omi kalẹ̀ kó má baà dà á nù, ó sì sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá tayọ̀tayọ̀.