Àwọn Obìnrin Ẹnu Géètì

"Aṣọ wo gan-an ló wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni Ìyádùnní ti gbọ́ ìbéèrè yẹn. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi kò mọ̀ pé ó ti dé ẹ̀yìn àwọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

"Yẹ̀rì péńpé ni," ẹnì kan fèsì. "Ojú mi ló ṣe nígbà tó ń jáde."

Irọ́ gbáà ni. Ṣòkòtò àti ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ń wọ̀. Ẹnu Ìyádùnní ń yún un láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó pọn omi rẹ̀, ó gbé e wọlé.

Ọ̀rọ̀ Oyèlọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, Ògúndèjì, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, pè é sí yàrá tí wọ́n ń kó páálí sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Oyèlọlá kò wẹ̀, kò pààrọ̀ aṣọ. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú Ògúndèjì, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ gba béèlì rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Oyèlọlá ni ilé-iṣẹ́ ní kó lọ jókòó sílé.

"Oyè, jọ̀ọ́," ìyá wọn ń bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. "Lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ ní Igbesa títí ariwo yìí yóò fi rọlẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ ẹ bí gbogbo Ọ̀tà bá gbọ́?"

"Màmá, mi ò jalè, mi ò pààyàn. Kí ni mò ń sá fún? Lọ́la, mo máa lọ kó ẹrù mi níbẹ̀. Ẹnu géètì ni mo sì máa gbà, níṣojú gbogbo wọn."

Ìyádùnní wò ó tìyanu-tìyanu. Níbo ni ẹ̀gbọ́n òun, tó máa ń sá wọ abẹ́ aṣọ bí ààrá bá sán, ti rí irú ọkàn yìí?

"Àǹtí mi, mo máa tẹ̀ lé yín," ló sọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ tò lẹ́nu géètì, wọ́n ń dúró kí wọ́n wọlé. Ìyádùnní wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ògúndèjì dúró nínú lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá Afọlábí tó ń ṣọ́ géètì na ọwọ́ dí Oyèlọlá lọ́nà.

"Wọ́n ní ká lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ," ló pariwo. "Adìyẹ tó lọ ń jẹ̀ lẹ́nu ihò akátá ńkọ́?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ní òdìkejì títì, àwọn ọmọ kíláàsì Ìyádùnní tó ń lọ sílé-ìwé ti dúró, wọ́n ń wòran. Bó bá lanu báyìí, gbogbo ilé-ìwé ni yóò mọ̀. Ó bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló sọ, "ibi iṣẹ́ ni adìyẹ yẹn wà. Akátá ló wá a wá." Ó yíjú sí àwọn tó tò. "Ẹ̀yin ìyá mi, ta ló wà nínú yín tí kò mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́?"

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Mùjídátù, tó ti pẹ́ jù níbi iṣẹ́ náà, ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó kúrò lórí ìlà.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ó tilẹ̀kùn yẹn mọ́ èmi náà lọ́dún tó kọjá. Mo já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ mo dákẹ́ nítorí oúnjẹ ọmọ mi. Oyèlọlá, dárí jì mí."

Ó lọ dúró tì í. Obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún bọ́ síta, títí gbogbo ìlà náà fi kẹ̀yìn sí géètì, tí wọ́n sì yí Oyèlọlá ká. Àwọn tó wà nínú náà fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n jáde, àtọkùnrin àtobìnrin. Láti kékeré Ìyádùnní, kò gbọ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà dákẹ́ rí. Àfi bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dá ẹnu dúró. Orí rẹ̀ wú, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Ògúndèjì.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà, Mùjídátù àtàwọn mìíràn sì sọ tẹnu wọn. Kò rọrùn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mùjídátù. Nílé-ìwé, "Adìyẹ" ni wọ́n ń pe Ìyádùnní, ó sì dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n wọ́n tún Ògúndèjì mú, ẹjọ́ dé kóòtù, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ní gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ìyá wọn ló ń jókòó ti Oyèlọlá.

Lọ́sẹ̀ tí ẹjọ́ parí, Ruqoyah, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, dúró dè é lẹ́yìn ilé-ìwé. Kò lè gbójú sókè.

"Ìyádùnní, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ séèyàn, ta lèèyàn máa sọ fún?"

Ìyádùnní di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ ká lọ bá màmá mi. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi, àtàwa tá a bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."