Orin Tó Wà Lọ́wọ́ Yèyé

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni Yèyé máa ń rìn yí ìkòkò po. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ọwọ́ òsì á wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ọ̀tún á máa fa amọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wọ́ sẹ́yìn lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì. Orin ló ń darí rẹ̀. Bí orin bá yá, ẹsẹ̀ á yá. Bí orin bá falẹ̀, ìkòkò á dúró dè é.

Tómilọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, á jókòó sórí àpótí nítòsí, ìwé àwòrán lórí itan, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń lọ ní Adó, ṣùgbọ́n kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kì í wọ ọkọ̀ wá sí Ìyìn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ojú rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, ó lè dúró ti abọ́ tánganran kan títí, kó máa wo òdòdó pupa tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí oníbàárà máa pè é kó má gbọ́. Bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wọn bá gbé orin sókè lọ́jọ́ ìsinmi, àwọ̀ ló máa ń rí: ohùn àwọn obìnrin á dà bí pupa inú ẹyin, ti àwọn ọkùnrin á dúdú bí aró. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sí èyí tó tó ohùn Yèyé. Níbi tí Yèyé bá ti ń kọrin, pẹ́ńsù Tómilọ́lá kì í béèrè ọ̀nà.

Orin náà kì í ṣe orin lásán. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ló ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ lára ìkòkò.

"Ejò kọjá lórí yanrìn, ó fi ipa sílẹ̀," Yèyé á kọ ọ́, ìka rẹ̀ á sì fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ yí ọrùn ìkòkò ká. "Òjò kọjá lórí òkè, ó fi ipa sílẹ̀," ìlà wẹ́wẹ́ á dà wálẹ̀. "Àgbàdo yí gbirigbiri, ó fi ipa sílẹ̀," á wá mú ṣùkù àgbàdo, á yí i mọ́ amọ̀ tútù náà lára.

Mẹ́ta yìí ló tó fún ìkòkò àgbo, èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń rà. Ṣùgbọ́n orin náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù rẹ̀, ti àmù ni, ìkòkò ńlá tí wọ́n máa ń pọn omi sí láyé àtijọ́. Láti ìgbà tí kúlà àti táǹkì ti gbòde, kò sí ẹni tó ń béèrè àmù mọ́, Yèyé kò sì fi amọ̀ mọ ọ́n mọ́.

Tómilọ́lá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó kọ ìyókù fún òun kí òun gbọ́. Yèyé gbìyànjú. Ó jókòó sórí àga, ó kó ọwọ́ lé itan, ó kọ ti ejò, ó kọ ti òjò, ó kọ ti àgbàdo, ó sì dúró bí ewúrẹ́ tó dé etí odò. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kò sí lẹ́nu mi, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló wà. Bí ọwọ́ mi ò bá sí lára àmù, ẹnu mi ò lè rí i mú jáde."

Ó wá fi ẹnu Èkìtì rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ mọ àmù kan ṣoṣo sí i kí òun tó sinmi uṣẹ́, lẹ́ẹ̀rùn yìí náà ni. Ìyá òun ló kọ́ òun, òun kò sì rí ọmọ kọ́ nítorí ọjà ni ìyá Tómilọ́lá yàn.

"Ìwọ ni wàá máa fa ìlà rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìka tèmi ti ń gbọ̀n. Bí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kí òjò tó dé ni o. Ukòkò tó tóbi báyìí kì í gbẹ nínú òjò."

Tómilọ́lá dá a lóhùn pé òun á wá. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, kéde ìdíje kan fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Adó àti agbègbè rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni "Ẹwà Tó Yí Mi Ká." Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán tó ti gòkè àgbà. Olùkọ́ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Tómilọ́lá, ó sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó yà á láti inú ilé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òun ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń sọ òtítọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni àwòrán náà ti pé lọ́kàn Tómilọ́lá: Yèyé pẹ̀lú àmù.

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ fún Dùnmínínú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, ẹ̀rín ni ìyẹn fi ba á jẹ́.

"Ìkòkò? Tómi, ìkòkò kẹ̀? Àwọn ọmọ ilé ìwé olówó á gbé iṣẹ́ tó ń dán wá, ìwọ á gbé ìkòkò àgbo yọ. Wọ́n á ní kó o bá wọn já ewé wá."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Dùnmínínú fa fóònù yọ, ó fi àwòrán obìnrin kan hàn án. Omijé wà lójú obìnrin náà, ó ń dán bí gíláàsì. Ó ní bí Tómilọ́lá bá lè da èyí kọ, àwọn adájọ́ á rò pé kámẹ́rà ló yà á. Ta ló máa mọ̀?

Tómilọ́lá wo obìnrin náà. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ orin kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn ló wà létí rẹ̀. Ọmọ tó ń tijú, ẹ̀rín lè lé e wọnú kànga. Ó gbà.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, fóònù ìyá rẹ̀ dún. Mùlíkàt ni, ìyàwó ilé kejì sí ti Yèyé, ó sì gbé fóònù fún ìyá àgbà náà.

"Tómilọ́lá, amọ̀ ti dé o," ni Yèyé wí, ohùn rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọge. "Mo ti gún un, mo ti yọ òkúta inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá ulé kíákíá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni òun àti Dùnmínínú ti fi àdéhùn sí láti da obìnrin inú fóònù náà kọ.

"Yèyé, ẹ má bínú. A ní ẹ̀kọ́ àfikún nílé ìwé."

"Ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì. Kò burú. Màá mọ ìdí rẹ̀, màá fi aṣọ tútù bò ó dè ọ́."

Irọ́ náà kò ju ẹ̀ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá rìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omijé obìnrin inú fóònù kò tíì dán tó, Tómilọ́lá tún ní ẹ̀kọ́ àfikún wà. Yèyé ní kò burú, pé ọrùn nìkan ló kù, ojoojúmọ́ ni òun ń rẹ aṣọ tí òun fi bò ó kí amọ̀ má baà le kó tó dé. Kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ ìdíje pé. Nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Adó ni wọ́n to àwọn àwòrán náà sí lára ògiri. Tómilọ́lá gbé tirẹ̀ kọ́, ó fà sẹ́yìn láti wò ó, ó sì rí i pé obìnrin kan náà ń wò ó láti apá òsì. Ó yíjú sí ọ̀tún, obìnrin náà tún wà níbẹ̀. Òmíràn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, láti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin, obìnrin kan, omijé kan. Gbogbo wọn ló ti wá a lórí fóònù, èyí tó kọ́kọ́ yọ sí wọn ni wọ́n mú.

Àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, màmá kan tó fi gíláàsì sójú, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ni obìnrin yìí sí yín? Kí ló ń pa á lẹ́kún?"

Orí ilẹ̀ ni Tómilọ́lá ń wò. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ wà lẹ́yìn, kò bá a wí, ojú rẹ̀ kàn rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Àsìkò náà gan-an ni ìjì bẹ̀rẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ya lu páánù. Ọ̀rọ̀ Yèyé nípa àmù sọ sí i lọ́kàn. Ó sáré jáde láti wá ọkọ̀ lọ sí Ìyìn, ṣùgbọ́n kò tíì dé títì tí ìyá rẹ̀ fi pè é pé ilé ìwòsàn ni kó máa bọ̀.

Mùlíkàt ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ dé, Yèyé sáré lọ gbé àmù wọlé. Ó wúwo, ó sì rọ̀ nítorí aṣọ tútù tí kò jẹ́ kó le. Ó dá nìkan gbé e. Nígbà tí Mùlíkàt fi máa yọjú, Yèyé ti wà nílẹ̀, amọ̀ ti tú ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò ń pa àwọn méjèèjì.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá Tómilọ́lá lẹ́bi. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní ọpẹ́ ni pé ìwé ló gbájú mọ́, pé kó má ronú pé ì bá ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Tómilọ́lá lára ju pàṣán lọ. Níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí ẹ̀kọ́ kankan. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó sì sunkún.

Nígbà tí wọ́n gbé Yèyé padà sílé, Tómilọ́lá lọ bu amọ̀ díẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Ó pò ó, ó fi lé ọwọ́ òsì ìyá àgbà náà, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Yèyé, ẹ ní ọwọ́ yín ló wà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìka Yèyé gbéra. Ó tẹ amọ̀ náà, ó yí i. Ohùn orin náà sì jáde láti ọ̀fun rẹ̀, ó falẹ̀, ó kọjá ibi ti ejò, ó kọjá ti òjò, ó kọjá ti àgbàdo, ó wọ ibi tí Tómilọ́lá kò gbọ́ rí láyé rẹ̀. Ó dùn bí omi inú àpáta. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ohùn lásán ni. Kí ló kọjá lẹ́yìn àgbàdo? Ṣé ẹyẹ ni? Ṣé odò ni? Ipa wo ló fi sílẹ̀? Omijé dà lójú Yèyé, nítorí òun náà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò jáde. Ó fi ọwọ́ alámọ̀ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tómilọ́lá, ó sì dákẹ́.

Yèyé kò rí iṣu tuntun ọdún náà jẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tómilọ́lá pẹ́ kó tó tún fi ọwọ́ kan pẹ́ńsù. Nígbà tó máa padà sí i, àmù ńlá kan ló yà, ó gba gbogbo ìwé. Ó fa ipa ejò sí ọrùn rẹ̀, ó fa ipa òjò sí abẹ́ rẹ̀, ó to ipa àgbàdo tẹ̀ lé e. Ó fi ikùn rẹ̀ títí dé ìdí sílẹ̀ lófìfo.

Dùnmínínú wá wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ náà dé, ó dúró pẹ́, ó ní iṣẹ́ náà dára gan-an, pé ó ku kó parí rẹ̀, kó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wá ohun tó wuyì fi kún ìyókù.

"Ó ti parí, sà," ni Tómilọ́lá wí. "Ibẹ̀ ni mo dé. N kò dúró gbọ́ ìyókù."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹwà tó wà nílé kì í pariwo, kì í sì í dán bí èyí tó wà lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀dọ́ fi máa ń fò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí fóònù yóò wà níbẹ̀ lọ́la, gbogbo ayé ni yóò sì máa rí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ àgbà ni kì í dúró. Ọjọ́ tí àgbà bá ní kí ọmọ wá gbà á, kí ọmọ náà dìde lọ́jọ́ náà gan-an, kó má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni dá a jókòó.