Ọkọ̀ Tó Kó Gbogbo Ìlú

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2024, Àlájà Mùbárákà ará Fìdítì kú sí Mẹ́kà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Fatihah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń múra ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́ nígbà náà. Òun ló ń ka gbogbo iṣẹ́ tó bá wọ inú fóònù fún ìyá àgbà, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ti sọ ojú ìyá àgbà di bàìbàì. Àbúrò ìyá àgbà, Ìyá Ṣàràfá, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ló ń gún un ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ jọ lọ sí Hájì.

"Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ," ni ìyá àgbà máa ń wí, "ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́rọ mẹ́rin ló gbé wa. Ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fìdítì, Ìlọrà, Àwẹ́, gbogbo wa ló kó. Ta ló ń béèrè bóyá ẹnìkejì òun wà níbẹ̀?"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, iṣẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ Sofiyullah, ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò náà. Ọkọ̀ ńlá kò ní wá mọ́. Epo tó ń mu ti pọ̀ jù. Àwọn tó ni ín ti gbé e lọ sí aṣálẹ̀, wọ́n ń tú u tà bí ògbólógbòó mọ́tò. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì, tó kéré sí i, ni yóò kó wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnìkan pàtó lọ gbọ́dọ̀ fèsì kí wọ́n tó kírun Àsárì.

Bí Fatihah ṣe fẹ́ pe ìyá àgbà ni Tahirah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọjú lójú fèrèsé.

"Ọ̀kadà ti ń dúró o! Ọjọ́ ìbí Blessing kò ní dúró dè ọ́ ní Ìlọrà. Àbí ìwọ náà ti gba físà Mẹ́kà ni, Àlájà kékeré?"

"Mò ń bọ̀, jàre."

Ó ní òun yóò kà á bí òun bá dé. Nígbà tó dé, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀rù bà á, ó pa iṣẹ́ náà rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, á kọ́kọ́ wò ó bóyá Sofiyullah ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọn yóò lọ, Fatihah sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Sofiyullah pe orúkọ.

"Àlájà, ẹ̀yin ń lọ lónìí. Ìyá Ṣàràfá di ọjọ́ Ajé."

Ìyá Ṣàràfá figbe ta. "Sofiyullah! Ta ni yóò gún wọn ní abẹ́rẹ́? Wọn ò rí nọ́ńbà ara abẹ́rẹ́ náà!"

"Mo kọ̀wé sí fóònù Àlájà fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má bínú. Àyè kan ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ tòní. Ẹni tí iṣẹ́ mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fi pamọ́ fún, ìyá kan láti Àwẹ́ sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un." Ó yíjú sí Fatihah. "Ṣé o kà á fún wọn?"

Gbogbo wọn ló ń wò ó.

"Mo kà á."

Ìyá àgbà kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ó kà á fún mi. Èmi ni mo gbàgbé."

Ìyá ará Àwẹ́ gba àyè náà. Ìyá àgbà gba oògùn lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Fatihah lè pariwo nígbà náà. Ó lè sáré tẹ̀ lé wọn. Kò mira.

Ní Mẹ́kà, àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá bá a gún abẹ́rẹ́ náà fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, ó gún ara rẹ̀. Oògùn náà pọ̀ jù. Kí Ìyá Ṣàràfá tó gúnlẹ̀, wọ́n ti sin ín.

Nígbà tí Ìyá Ṣàràfá padà dé, Fatihah kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá Ṣàràfá kò nà án.

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé irọ́ ni," ló wí. "Wọn ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín èrò."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ pé nígbà mìíràn, tara ẹlòmíràn ni yóò dákẹ́. Àṣìṣe ọjọ́ Sátidé ṣì ṣeé tún ṣe. Irọ́ Ọjọ́bọ̀ ni kò ṣeé tún ṣe.

Ohun tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ nìyí: tẹ̀sùbáà kan, ìborùn funfun méjì, bàtà rọ́bà, ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán, èso dàbínù nínú ọ̀rá, àti híjáàbù tuntun kan, ìwọ̀n orí Fatihah.