Ọfà Méjì Láti Inú Irin Kan

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àgbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti fi ọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ nídìí ẹwìrì, kí àwọn yòókù gbé ọ̀kọ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé balógun. Àṣẹ ààfin ni. Ogun ti wọ ọdún kẹta. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ti tán lóko, àwọn ahunṣọ ti lọ, ó wá kan àwọn alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ wọn ti ń bò wọ́n láṣìírí látìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù ni yóò dúró, nítorí ta ló ń jagun láìsí ọfà?

Nínú àgbẹ̀dẹ tó fara ti ògiri ààfin, ọkùnrin méjì péré ló wà. Bàbá ti ń lurin fún ọdún márùndínlógójì. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, Jẹ́jẹ́ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń fi ipá ṣe, títí kan irin.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Jẹ́jẹ́ sọ pé òun ò lọ.

"O ò lọ bíi ti báwo?" Bàbá ń da èédú sí ojú iná, kò gbójú sókè. "Àbí ẹ̀bẹ̀ ni balógun ń bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lọ."

"Kí làwọn èèyàn á wá máa pè mí? Bàbá ojo?"

"Wọ́n ti ń pè yín ní Ojú Èédú tipẹ́, kò pa yín."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bàbá, ó gbé e mì. "Ìwọ tí ò ń rọ ọ̀kọ̀ fún ọmọ ẹlòmíì, kò wá yẹ kí ọ̀kọ̀ máa bà ọ́ lẹ́rù."

Jẹ́jẹ́ wọ́ àpò kan jáde lẹ́yìn ìkòkò omi. Àpò irin tó máa ń ti ojú ogun dé lóṣooṣù ni, àwọn ọfà àti orí ọ̀kọ̀ tó ti tẹ̀ tàbí tó ti kán, tí wọ́n ń kó padà wá kí wọ́n tún fi iná sí. Látìgbà tí orúnkún Bàbá ò ti jẹ́ kó lè lóṣòó pẹ́ mọ́, Jẹ́jẹ́ ló ń fọ̀ wọ́n. Ó ṣa ọ̀kan jáde, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Egungun kékeré kan há sí i lẹ́nu.

"Mo ti fi omi gbígbóná sí i, mo fi iyanrìn ha á, kò yọ. Ẹ wo ìdí rẹ̀."

Bàbá wò ó. Àmì tirẹ̀ ni, ilà mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi sára iṣẹ́.

"Ọ̀tá ló ṣà á nílẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí, "wọ́n sì fi ta ọmọ ilé wa padà. Bàbá, ikú ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù fún mi ni kó jẹ́ èmi ni màá máa tì í wọ ara èèyàn. Mo ti mọ bó ṣe máa ń rí tó bá jáde."

Bàbá di ọfà náà mú títí èédú fi jó di eérú lójú iná. Ìtìjú tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ bọ́ lára rẹ̀, ohun tó sì rọ́pò rẹ̀ wúwo jù ú lọ.

"Ìwọ lo máa dúró," ló sọ níkẹyìn. "Èmi ni màá bá wọn lọ."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé igbá omi dání. "Ẹ̀yin? Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Kẹ́ ẹ tó rìn dé ẹ̀yìn odi, ogun á ti parí."

"Ṣé kí n fún wọn lọ́mọ ni?"

Ìyá wo ọkọ, ó wo ọmọ. Ó gbé igbá kalẹ̀. "Mi ò lẹ́ni tí mo fẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di dandan, ẹni tó ti ń jẹun bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni kó dìde."

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é ò le. Ìránṣẹ́ ààfin máa gé irin kan sí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì rọ ọfà kan lójú rẹ̀. Iṣẹ́ burúkú ni kí Bàbá ṣáà ṣe: kó jẹ́ kí irin pẹ́ nínú iná títí á fi jó, tàbí kó tì í bọ omi nígbà tó gbóná jù, kó sán. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ń ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ.

Oòrùn ti rọlẹ̀ kí ìránṣẹ́ tó dé, ọkùnrin tín-ínrín kan nínú ẹ̀wù pupa, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ogún ọdún ló fi gbé apó ọfà tẹ̀ lé balógun, kò sí ọfà tí kò mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tiwa."

"Ẹ kú àbọ̀. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

"Yóò pẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá, àgbẹ̀dẹ mẹ́rin ṣì ń retí mi. Níbi tí mo ti ń bọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jà, oníkálukú ní òun ni òpè jù. Irú ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí nílùú yìí."

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ọfà náà jáde dáadáa, ó mú, ó sì tọ́.

Ó kan Bàbá. Ó ti irin bọ iná, ó ń wò ó. Ó pupa, ó pọ́n bí ọsàn, ó fẹ́ máa funfun. Dúró, ó ń sọ fún ara rẹ̀, jẹ́ kó jó. Kó tó mọ̀, ẹmú ti fa irin náà jáde, òòlù ti ń lù ú. Ó ní kó dáa, òun á ba ìwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ìwọ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí ọfà ṣeé fà yọ. Ó lu ọ̀kan ní ìlù òdì; ìlù kejì tún un ṣe, òun ò sì rán ìlù kejì níṣẹ́. Omi nìkan ló wá kù. Ó fẹ́ jù ú sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sán. Ọwọ́ tó ti ń ti irin bọ omi láti ọdún márùndínlógójì tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọfà méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Kò pẹ́ rárá.

"Ti ọmọ dára. Ṣùgbọ́n èyí..." Ó gbé ti Bàbá sókè. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa dúró."

"Kò dára," ni Bàbá wí. "Ẹ tún un wò. Ìwọ̀ ọwọ́ òsì kúrú."

"Ẹ ò mọ irọ́ pa, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dàgbà, mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ mú èmi lọ. Mo bẹ̀ yín, ìránṣẹ́ ọba."

Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ò gbà, Ìyá ló dì í mú kó má baà ṣubú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tó bá jẹ́ tèmi ni, Bàbá. Kì í ṣe tèmi."

Jẹ́jẹ́ bọ́ awọ iṣẹ́ tó so mọ́ àyà, ó ká a, ó gbé e sórí òkúta ìlurin. Ó wá dúró níwájú bàbá rẹ̀.

"Irin lásán ẹ ò lè bà jẹ́," ló wí, "ẹ wá fẹ́ lọ máa ba èèyàn jẹ́ lójú ogun."

Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Oòrùn wọ̀ lórí wọn bẹ́ẹ̀.

Ogun náà gba ọdún mẹ́rin sí i. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Àwọn ọba méjèèjì fi odò ṣe ààlà, oníkálukú padà sílé. Àwọn mọ́kànlélógún ni wọ́n kó nínú àwọn àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà, méje ló dé. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rí Jẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n ń sọdá odò, pé ó wà láàyè, pé ọ̀kọ̀ méjì ló gbé léjìká, tirẹ̀ àti ti ẹni tó ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó rí i.

Ààfin ti fi Bàbá ṣe olórí alágbẹ̀dẹ ìlú. Ìyá ń gbé oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì tíì bi í rí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ́ làwọn èèyàn ń wá báyìí, torí oko ti di igbó. Bàbá ń rọ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Òun nìkan ló ń fẹ́ná, òun nìkan ló ń lurin.