Náìnì Méjì Lọ́wọ́ Kọ́láwọlé

Bí ẹnìkan bá sọ fún Kọ́láwọlé pé ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó dáhùn. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ó ń bá àwọn olówó gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá, níbi tí àyédèrú ìwé ti ń rìn ju èèyàn lọ. Ibẹ̀ ló ti gbà pé gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń purọ́, àfi òun nìkan.

Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ń dúró de ìwé ẹrù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ta póòkà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, nínú kọ̀ǹténà kan tí wọ́n sọ di búkà nítòsí Creek Road. Káàdì tó dára kì í yọni lẹ́nu, èèyàn á ná an. Èyí tí kò dára, èèyàn á jù ú nù. Èyí tó wà láàárín ló ń pani: kò tó ohun tí à ń fi yangàn, kò sì burú tó ohun tí à ń jù nù. Kọ́láwọlé ní nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, òun kì í wo káàdì, ojú ọmọ aráyé lòun ń wò.

Ephraim ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ta káàdì, bó bá ti ń purọ́, á máa fọwọ́ ra etí òsì. Ọdún mẹ́rin ni etí yẹn fi bọ́ Kọ́láwọlé. Nígbà tí Ephraim wá pa káàdì tì, tó ní Jésù ti gba òun là, Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín.

"Èló ni wọ́n ń san fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan. Kọ́lá, ìdájọ́ ń bọ̀. Sá wá sọ́dọ̀ Jésù."

"Èmi kì í jalè, n kì í lu ìyàwó. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò burú."

"O ò burú, o ò sì dáa. Káàdì àárín lo mú dání tó o fẹ́ fi dúró níwájú Ọlọ́run."

Kọ́láwọlé ń ṣọ́ etí òsì. Ọwọ́ Ephraim ò kúrò lórí orúnkún. Kọ́láwọlé sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti kọ́ irọ́ tuntun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, náìnì méjì, káàdì àárín gan-an, bọ́ sí Kọ́láwọlé lọ́wọ́. Linus, awakọ̀ tírélà, ń fi owó lé owó títí owó Kọ́láwọlé fi tán. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ ìránṣọ Morádéún ìyàwó rẹ̀, tó ní kó bá òun gbé lọ tún ṣe. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà búkà. Ẹ̀rọ náà ló ń bọ́ ilé, òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Linus wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, abeg, ẹ gbé káàdì yẹn sílẹ̀. Káàdì gidi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi nǹkan ìyàwó yín ṣeré."

Ara fu Kọ́láwọlé. Ta ló máa ní káàdì gidi lọ́wọ́ tí á tún máa lé oníbàárà rẹ̀ lọ? Pàkúté ni. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá.

Linus ṣí tirẹ̀. Sẹ́fùn mẹ́ta, tó ju náìnì méjì lọ.

"Mo ṣáà sọ fún yín," ló wí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló dun Kọ́láwọlé. Èèyàn kan sọ òtítọ́ fún un lójúkojú, ó pè é ní irọ́ torí pé ó jọ àánú. Ta ni ẹlòmíràn tó ti kìlọ̀ fún un? Oṣù mẹ́fà tí Ephraim ti ń wàásù fún un ló fi ń ṣọ́ etí rẹ̀; ọwọ́ ò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó fẹsẹ̀ rìn dé Kirikiri, níbi tí Ephraim ti ń ka ẹrù tí wọ́n ń já látinú ọkọ̀ ojú omi.

"Ephraim, ṣé òtítọ́ ni ohun tó o sọ?"

"Òtítọ́ ni."

"Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́."

"Irú ẹ ni Jésù ń wá."

Láàárín àwọn àpò ẹrù, ọkùnrin tó ní òun kò burú kúnlẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì bẹ Jésù kó gba òun. Jésù sì gbà á.

Ó délé, ó jẹ́wọ́. Morádéún wò ó títí. "Bàbá Títílọpẹ́, èló lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Kọ́láwọlé ta fóònù olówó ńlá rẹ̀ tó wà nílé lọ́jọ́ náà, ó fi ra ẹ̀rọ àlòkù. Morádéún gbà á, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wò. Ọkọ kò bínú.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé o ti yí i padà láti wò bóyá nọ́ńbà báńkì wà lẹ́yìn. Kò sí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nìkan ni Jésù, tó kú nítorí rẹ̀ lórí àgbélébùú, fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. O kì í jalè, mo gbọ́. O máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ṣé ìyẹn lo fẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ ìdájọ́, níwájú Ẹni tó ti rí ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ rẹ?

Fura sí mi bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o ké pè é lónìí. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀la gan-an ló yẹ kí o fura sí.