Ọ̀dà Lójú Áńtẹ́nà

Orí òrùlé ilé-iṣẹ́ rédíò ni obìnrin kan àti akunlé kan ti kọ́kọ́ pàdé. Obìnrin náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì ni ilé-iṣẹ́. Áńtẹ́nà tó rí bí abọ́ ńlá, tó ń gbé ohùn ilé-iṣẹ́ náà lọ sórí òkè ọ̀ọ́kán, níbi tí òpó tó ń fọ́n ọn káàkiri wà, ló gùn lọ wò. Ohùn kò dé ọ̀hún mọ́.

Akunlé náà ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nítòsí.

"Ẹ rọra o, áńtí. Ibẹ̀ ga."

"Tí mo bá ṣubú, ṣé ìwọ lo máa gbá mi mú?"

"Tí Ọlọ́run bá gbà fún mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó so ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ áńtẹ́nà. Ẹ̀rín bá pòórá. "Ohun tí à ń rán jáde ló tún ń padà wá bá wa."

Ó fi èékánná ha ìdérí ojú áńtẹ́nà. Àwọ̀ fàdákà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ta ló kun èyí?"

"Èmi ni. Ó ti ṣá, mo ní kí n bá yín tún un ṣe."

"Irin wà nínú ọ̀dà yìí! Ìgbì rédíò kì í gba inú irin kọjá. Ògiri lo mọ dí i lójú!"

Akunlé ju búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jọ tú ìdérí náà, wọ́n jọ fi tuntun sí i. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ọkàn wọn ti fà mọ́ra.

Nígbà tí bàbá obìnrin náà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òjò ló fà á, kí wọ́n má baà lé ọmọkùnrin náà.

Ìfẹ́ dàgbà. Akunlé wá sílé bàbá obìnrin náà wá tọrọ rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ mọ́," bàbá wí. "Òjò nìkan ló tíì yọ mí lẹ́nu látìgbà tí o ti wà lọ́dọ̀ mi."

Olólùfẹ́ akunlé ṣẹ́jú sí i: má sọ o! Ọmọkùnrin náà gbàdúrà sínú.

"Bàbá, kì í ṣe òjò. Ọ̀dà tí mo kùn ni. Ọmọ yín ló bo àṣírí mi."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. "O mọ̀ pé mo lè ní kí o máa lọ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o sọ ọ́?" Ẹkún ti gba ojú obìnrin náà.

"Àyànfẹ́ mi, mi ò fẹ́ fi irọ́ fẹ́ ọ."

Ìyá obìnrin náà ké láti ilé ìdáná pé, "Bàbá wọn, ẹ má dá ọmọ ọlọ́mọ lóró mọ́!"

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tí mo bí parọ́ fún mi, ọmọ ẹlòmíì ló sọ òótọ́. A ṣì máa sọ̀rọ̀, èmi àtìwọ."

Ó wá fa àga kan súnmọ́ tirẹ̀ fún akunlé.

"Jókòó, ọmọ mi. Ìgbà wo ni àwọn òbí rẹ máa wá rí wa?"