Ègbè Láti Apá Gúúsù

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, ẹ lọ bi ìjọ abúlé Nágà Bákúmù ní Íjíbítì, létí odò Náílì. Ìṣojú gbogbo wọn ló ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, oòrùn kò tíì wọ̀. Aṣọ dúdú bo gbogbo òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Wanis afọ́jú, tó ti ń lé orin níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, dúró sí apá àríwá pẹ̀lú kímbálì lọ́wọ́.

Orin ìsìnkú Olúwa ló kàn. Akọrin apá àríwá á lé ẹsẹ kan, ti gúúsù á fi èyí tó kàn gbè, ní èdè Íjíbítì àtijọ́ tó ti wà kí Lárúbáwá tó dé. Ẹni tó bá lé kò gbọdọ̀ gbè. Gatas nìkan ló kù tó mọ ègbè náà, ó sì ti kú nínú oṣù Túbà, nígbà òtútù.

Abúnà Bisada, àlùfáà ìjọ, sún mọ́ Wanis.

“Bàbá Wanis, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní Lárúbáwá. Ta ló ń fi èdè yín ra àlùbọ́sà?”

“Oṣù wo lẹ gbin àlìkámà yín, Abúnà?”

“Hatúrù.”

“Èdè mi lẹ fi dáhùn yẹn. Òrìṣà àwọn baba ńlá yín ló ni orúkọ náà. Ẹ lọ gbìn ín ní Lárúbáwá, ká wò ó bóyá á hù.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Inú bí Abúnà.

“Ó dáa, ẹ lé e. Bí gúúsù ò bá gbè, ó parí nìyẹn. Lárúbáwá la ó máa kọ títí ayé.”

 Wanis mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lọ́hùn-ún, ọwọ́ òun sì ni orin náà máa kú sí. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Ó lu kímbálì, ó lé ẹsẹ kìíní, ó sì dúró.



Afẹ́fẹ́ tútù kan ti gúúsù wá, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò. Lẹ́yìn náà ni ègbè bẹ̀rẹ̀.

Ohùn ọkùnrin ni, wọ́n sì pọ̀. Wọ́n ń fa ohùn níbi tí Gatas ti máa ń gé e kúrú. Nígbà tí wọ́n dé ibi orúkọ Ẹni tí à ń sin, wọn kò pe Jésù. Orúkọ mìíràn ni wọ́n pè, Wanis ò gbọ́ ọ rí, àmọ́ ó dún bí orúkọ òrìṣà àtijọ́. 

“Ta ló dúró níbẹ̀?” Ó rọra bi Abúnà.

“Kò sẹ́nì kankan.” Abúnà dì í lápá mú. “Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbé kímbálì sílẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe tiwa.”

Ẹ̀rù ba Wanis, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ ní kí gúúsù gbè,” ló wí. “Wọ́n ti gbè. Àwọn tó ni èdè nìyẹn.”

Ní gúúsù, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ láìsí bàtà. Wọ́n ń tò.

Àríwá ló ni ẹsẹ kẹta. Wanis fa èémí sínú, ó kọ ọ́, ó pe orúkọ Jésù sókè ketekete. Nígbà tó parí rẹ̀, ó kọjú sí gúúsù, ó dúró de orúkọ tí wọ́n máa fi dáhùn.